Buck O'Neil àti Gbọ̀ngàn Òkìkí

Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ìgbìmọ̀ pàtàkì kan dìbò láti mú àwọn ènìyàn líìgì aláwọ̀ dúdú ayé àtijọ́ wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Cooperstown. Ènìyàn 17 ni wọ́n yàn, olóògbé ni gbogbo wọn. Buck O'Neil, ẹni ọdún 94 tí ó ṣì wà láàyè, kò sí níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó Josh Gibson; ibẹ̀ ni àwọn tí ó gbèjà ìgbìmọ̀ náà dúró sí. Ṣùgbọ́n Effa Manley, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ni ẹgbẹ́ Newark Eagles, kò gbá bọ́ọ̀lù rárá, wọ́n sì yàn án. O'Neil gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas City Monarchs, ó tún darí wọn. Ní 1962, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di olùkọ́ni ní líìgì ńlá. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ náà kù díẹ̀ káàtó.

Ní oṣù Keje, ó lọ sí Cooperstown, ó sọ̀rọ̀ ní orúkọ àwọn 17 náà, ó sì mú kí èrò bá òun kọrin. Ó kú ní oṣù Kẹwàá. Ìparí ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ mìíràn tó yàn án.