Funfun Kì í Ṣe Àfín: Àyẹ̀wò Àwọ̀ Irun àti Àwọ̀ Ojú Ológbò Àdàlú ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Èrò kan wà tó ti ta gbòǹgbò, pé ológbò tó funfun láúláú tí ojú rẹ̀ sì rí bí ojú sánmà, tàbí èyí tí ara rẹ̀ pín sí dúdú, pupa àti funfun, kò lè jẹ́ ológbò ilẹ̀ Yorùbá, àfi kí ẹ̀jẹ̀ ológbò òyìnbó wà lára rẹ̀. Èrò kejì tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé àfín ni gbogbo ológbò funfun. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tí àdàlú jẹ́ kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Ọjà Ọba ní Òṣogbo tàbí ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà, níbi tí ológbò ti wà nítorí eku, tí kò sì sí ẹni tó ń yan ọkọ fún un.

Àwọ̀ méjì péré ni ara ológbò lè pò, oríṣi mẹ́láníìnì sì ni àwọn méjèèjì, ìyẹn èròjà tó ń fún irun, awọ ara àti ojú ní àwọ̀: ọ̀kan dúdú, èkejì pupa. Funfun kì í ṣe ìkẹta wọn. Àìsí wọn ni. Bí èdè Yorùbá ṣe pín àwọ̀ sí dúdú, pupa àti funfun bá èyí mu rẹ́gí, débi pé ẹni tó pe ológbò aláwọ̀ eérú ní dúdú kò ṣìnà, nítorí mẹ́láníìnì dúdú náà ló wà nínú irun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tàn ká ibẹ̀ dọ́gba. Abilà ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn, torí abilà ni baba ńlá wọn, ológbò igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica. Ìlà náà kì í sì í parẹ́ tán: bí oòrùn bá tàn sí ìhà ọmọ ológbò dúdú, ìlà máa ń hàn níbẹ̀ fírífírí, àwọn ológbò pupa sì ń gbé e kiri níwájú orí. Ìwádìí tó jáde ní 2007 fi hàn pé ológbò ilé káàkiri ayé ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ológbò igbó Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ayé, èyí tó sọ ológbò Iléṣà àti ti Lọ́ńdọ̀nù di ọmọ ìyá tó ṣí kúrò nílé kan náà.

Pupa ní ọ̀nà tirẹ̀. Jíìnì tó ń fà á wà lórí krómósómù X, okùn ìjogún tí akọ ní ẹyọ kan tí abo sì ní méjì. Abo lè jogún pupa lórí ọ̀kan kó má jogún rẹ̀ lórí èkejì. Nígbà tó sì jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára abo máa ń pa X kan lẹ́nu mọ́, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìjogún Mary Lyon ṣe ṣàlàyé ní 1961, ibì kan lára rẹ̀ yóò pupa, ibòmíràn yóò dúdú. Bí funfun bá kún un, aláwọ̀ mẹ́ta dé nìyẹn, láìsí pé òyìnbó kankan dá sí i. Ìdí rèé tí akọ aláwọ̀ mẹ́ta fi ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ń fojú bù ú sí nǹkan bí ẹyọ kan nínú 3,000. Ní 2025, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà àti ti Kyushu ní Jàpáánù tẹ àbájáde jáde, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé nǹkan bí lẹ́tà DNA 5,000 tó já kúrò nínú jíìnì ARHGAP36 ló ń mú pupa wá.

Orí funfun ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Òṣogbo, ìlú aró, kò sì nílò láti yá àpèjúwe lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà méjì ni aṣọ fi lè funfun lọ́wọ́ aláró. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kùn sára aṣọ ló ń dí aró lọ́nà. Aró dára, ṣùgbọ́n kò dé ojú ibẹ̀. Lọ́nà kejì, aṣọ wọnú ìkòkò, aró kàn án, ṣùgbọ́n aró fúnra rẹ̀ ti kú. Ológbò funfun tó wọ́pọ̀ wà ní ọ̀nà kìíní. Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń pò àwọ̀ máa ń gbéra láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí gbogbo ara. Ìyípadà nínú jíìnì KIT, tí ìwádìí ọdún 2014 tú palẹ̀, ló ń dá wọn dúró lọ́nà. Bí púpọ̀ nínú wọn bá dé, àyà àti ẹsẹ̀ tó jìnnà sí ẹ̀yìn ni yóò ṣẹ́ kù ní funfun. Bí wọn kò bá dé rárá, gbogbo ara a funfun. Àfín wà ní ọ̀nà kejì: sẹ́ẹ̀lì jókòó sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n jíìnì TYR tó yẹ kó mú aró jinná ti bàjẹ́. Ẹni tó bá wo ọmọ ológbò funfun dáadáa lè rí àmì dúdú bí ìka ọwọ́ ní àtàrí rẹ̀, tí yóò pòórá bó bá ṣe ń dàgbà. Àfín kò ní ibi tí yóò ti rí irú àmì bẹ́ẹ̀.

Ojú fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Kò sí aró kankan nínú ojú tó rí bí sánmà. Ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká nínú ẹyinjú tí kò ní mẹ́láníìnì ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ ológbò fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ojú wọn tó di rúsúrúsú tàbí àwọ̀ ewé. Lára ológbò funfun ti KIT, sẹ́ẹ̀lì lè dé ojú méjèèjì, ó lè dé ẹyọ kan, ó sì lè má dé ọ̀kankan. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà ni inú etí nílò, torí náà nǹkan bí 65 sí 85 nínú 100 àwọn tí ojú wọn méjèèjì rí bí sánmà ló ń dití, tí iye náà sì tó nǹkan bí 40 fún olójú kan; Darwin pàápàá ti mẹ́nu bà á ní 1859. Àfín ológbò kì í dití nítorí pé ó jẹ́ àfín. Ní ti iná tó ń tàn lójú ológbò lóru, tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ológbò dúdú, awọ adángbinrin tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, àwọ̀ irun kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ológbò òkèèrè ti da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìlú níhìn-ín lóhùn-ún, àpilẹ̀kọ yìí kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí bí àwọ̀ nìkan ṣe lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ìṣirò ni yóò sọ èyí tó kù. Ní 1949, onímọ̀ ìjogún A. G. Searle ṣe ìṣirò jíìnì ológbò Lọ́ńdọ̀nù láti inú àwọ̀ wọn, irú rẹ̀ sì ṣeé ṣe ní Òṣogbo àti Iléṣà: bí akọ pupa bá jẹ́ ẹyọ kan nínú 5, abo tó pupa látòkèdélẹ̀ yẹ kó sún mọ́ ẹyọ kan nínú 25. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ti akọ lọ́tọ̀ kó kọ ti abo lọ́tọ̀, kó pe àwọ̀ ojú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, kó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí tó bá funfun láti mọ̀ bóyá ó gbọ́ràn. Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gba orúkọ àwọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá aláró Òṣogbo, láti orí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú dé orí èyí tó dúdú kirikiri, torí pé àwọn ló ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó fún ohun tó wà láàárín dúdú àti funfun. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tọ ọ̀nà àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó máa ń ta aṣọ ní àwìn láti ìlú dé ìlú nígbà kan rí, láti wò ó bóyá orúkọ àwọ̀ kan náà bá aṣọ rìn dé ibi tí wọ́n tà á sí.