Ẹgbẹ́ Kronos Níwájú Àwọn Lámèyítọ́

Bí a bá gbọ́ pé ènìyàn mẹ́rin jókòó, tí méjì ń ta fáólínì, tí ẹnì kan ń ta fíólà, tí ẹnì kẹrin ń ta sẹ́lò, orin Haydn tàbí ti Beethoven ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò máa retí. Ní ọdún 1973, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, David Harrington dá ẹgbẹ́ Kronos Quartet sílẹ̀ láti ṣe ohun mìíràn. Orin George Crumb tí ó ń jẹ́ Black Angels, tí a kọ ní 1970 nígbà ogun Vietnam, ni ó gbọ́ lórí rédíò tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ mọ́. Nínú orin yẹn, àwọn olórin a máa fi ohùn ka òǹkà, wọn a sì máa fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń ha okùn fa etí ife olómi.

Àwọn lámèyítọ́ pín sí méjì. Àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ aláràbarà, aṣọ ìgbàlódé àti orin Jimi Hendrix kò yẹ irú eré bẹ́ẹ̀, pé ọ̀ṣọ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Àwọn kejì dáhùn pé orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ tuntun mọ́ ti di ẹrù inú àpótí.

Ní 1992, wọ́n gbé àwo Pieces of Africa jáde. Dumisani Maraire ti Zimbabwe, Hamza El Din ti Sudan, Obo Addy ti Ghana àti Justinian Tamusuza ti Uganda wà lára àwọn tí ó kọ orin inú rẹ̀. Ìbéèrè tún dìde: ṣé okùn òyìnbó lè gbé ohùn Áfíríkà? Lójú tiwa, ìdáhùn wà lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ ọ́: ọmọ Áfíríkà ni wọ́n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbà kí a fi ohun èlò náà ta orin wọn. Ní 2011, a fi Polar Music Prize ti Sweden dá ẹgbẹ́ náà lọ́lá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, wà lára àwọn tí Kronos bẹ̀ láti kọ orin fún ètò Fifty for the Future, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ìwé orin rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀dọ́ Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ bá fi gìtá kún orin ìbílẹ̀, a máa ń yára sọ pé ó bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàápàá ń fẹ́ orin tuntun fún ọ̀rọ̀ tuntun. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ orin náà dé òpin, kí a tó dájọ́.