ìwé ìpè ẹlẹ́rìí

Ẹ̀yà ọ̀rọ̀: àpólà ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ìṣẹ̀dá: ìwé + ìpè + ẹlẹ́rìí (oní + ẹ̀rí).

Ìtumọ̀: Ìwé tí ilé-ẹjọ́ fi ń pàṣẹ fún ẹni tí ó mọ ohun kan nípa ọ̀ràn tí ó wà níwájú adájọ́ pé kí ó wá jẹ́rìí ní ọjọ́ tí a dá.

Àpẹẹrẹ:
1. Wọ́n mú ìwé ìpè ẹlẹ́rìí wá fún Ìyá Àgbà, nítorí ìṣojú wọn ni a ṣe pín ilẹ̀ náà.
2. Wọn kò pe Bàbá lẹ́jọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n ní kí wọ́n wá jẹ́.

Àlàyé ìlò: Má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí dípò "ìwé ìpẹ̀jọ́". Olùjẹ́jọ́ ni ìwé ìpẹ̀jọ́ wà fún. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe olùjẹ́jọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "wọ́n pè é sí kóòtù" lè túmọ̀ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí náà ni ẹ̀rù fi máa ń ba ẹni tí kò ṣẹ̀. Àṣìgbọ́ yìí léwu. Ìpè ẹlẹ́rìí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀: ní Nàìjíríà, bí ẹni tí ìwé náà tẹ̀ lọ́wọ́ bá kọ̀ láti yọjú láìní ìdí pàtàkì, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí a mú un wá. Ẹni tí kò lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀ yóò wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Ọ̀pọ̀ a máa fi òwe "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́" ṣe àwáwí láti má ṣe jẹ́rìí. Àwọn tí ń bá ara wọn ṣẹjọ́ ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní ti ẹ̀rí ẹnu, abala 126 nínú Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà (2011) béèrè ohun tí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ rí tàbí gbọ́. "Wọ́n ní" kì í sábà tó.

Fi ìyàtọ̀ sí ẹni tí a ní kí ó kàn mú àkọsílẹ̀ wá, bí òṣìṣẹ́ báńkì. Abala 219 sọ pé mímú tí ó mú un wá kò sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Nípa tirẹ̀, kọ "ìwé ìpè láti mú àkọsílẹ̀ wá".

Tún wo: ẹlẹ́rìí, jẹ́rìí, ìpẹ̀jọ́, ẹ̀rí èké.