Fífún Fáàfù Àọ́tà

Fífún fáàfù àọ́tà jẹ́ àìsàn tí fáàfù, ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn bọ́ sínú àọ́tà, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára, kì í ṣí tán mọ́. Ojú fáàfù tí kò ní àìsàn máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3 sí 4. Bó bá dín sí 1, ọ̀rọ̀ ti le.

Okùnfà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Kálísíọ́mù máa ń gan mọ́ fáàfù àgbàlagbà. Nínú ènìyàn 100, a máa ń bí ẹnì kan tàbí méjì pẹ̀lú fáàfù ewé méjì dípò mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni ibà làkúrègbé, tó ń tẹ̀lé ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú.

Ẹni tó ní àìsàn yìí, tó ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Okokomáíkò ní Èkó, lè kọ́kọ́ fura níbẹ̀: èémí á há, àyà á fún un, òòyì á kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀, kòkòrò lè wọ fáàfù, ikú òjijì sì lè dé.

Oògùn kò lè ṣí i. Pípààrọ̀ rẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà Dwight Harken fi fáàfù àtọwọ́dá sípò rẹ̀ ní Boston lọ́dún 1960. Lọ́dún 2002, Dókítà Alain Cribier gba inú iṣan itan ṣe é ní Faransé, láìla àyà. Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ṣíṣí ní Nàìjíríà, lọ́dún 1974. Fún ará Ọ̀jọ́ àti Ìbà, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà wà lára àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ní onímọ̀ àìsàn ọkàn.