Kókó tó di kòkò: bí igi ṣe di ìkòkò tábà

Àwòrán àwọn ère Èṣù là ń wò ní kíláàsì tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Agbẹ́gilére ti gbẹ́ ìkòkò tábà sí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu. Ẹnìkan wá bèèrè pé, bó bá jẹ́ igi ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ló dé tí a ń pè é ní ìkòkò?

Orúkọ náà ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1600. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá ti kan àfọ́kù ìkòkò tábà nínú ilẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju irinwó ọdún lọ. Orí rẹ̀ nìkan ni amọ̀. Wọ́n á dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ki ọ̀pá igi tàbí esùsú bọ̀ ọ́. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, amọ̀ funfun ni látòkèdélẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pẹ́ ṣẹ́. Bí ọ̀pá tiwa bá ṣẹ́, ká wá òmíràn ni. Lójú tiwa, ọgbọ́n wà nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n a kò lè sọ̀rọ̀ tábà ká fo ibi tó korò. Ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ewé tó dára ni wọ́n ń kó lọ sí Pọ́túgà. Èyí tó kù, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké tó ki pa á lára, wọ́n á sì kó o wá sí Ouidah láti fi ra ènìyàn. Pierre Fátúmbí Verger ṣàlàyé òwò yìí nínú ìwé kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1964. Ọkọ̀ tó gbé tábà wá náà ló ń kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí igi. Ère lè mu ìkòkò igi títí ayé, nítorí iná kò dé ibẹ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ńkọ́? Oríṣiríṣi igi ni wọ́n dán wò ní Yúróòpù, púpọ̀ nínú wọn sì ń jó mọ́ tábà. Ní Saint-Claude, ìlú kan láàárín àwọn òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníṣẹ́ igi ti wà láti ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí àwọn ọdún 1850 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo igbó kékeré kan tó ń hù létí òkun Mẹditaréníà, tí àwọn Faransé ń pè ní bruyère. Kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Kókó ńlá tó máa ń yọ ní ìdí rẹ̀, níbi tí igi ti pàdé gbòǹgbò, ni wọ́n ń hú. Kókó náà le, ó ki, ó sì ní èròjà bíi ti iyanrìn nínú tó ń jẹ́ kó fara da iná. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì, ẹ wá wò ó: kókó ni wọ́n sọ di kòkò.

Sùúrù ni iṣẹ́ náà gbà jù. Bí kókó bá tètè gbẹ, á sán, nítorí náà wọ́n á jẹ́ kó máa tutù títí wọn ó fi rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje inú rẹ̀ lè jáde, wọ́n á wá sá a síbi tí oòrùn kò dé fún oṣù púpọ̀. Lẹ́yìn èyí ni oníṣẹ́ ọnà yóò máa yí i wò, láti mọ ibi tí iṣan igi náà kọjú sí, kó tó fi irin kàn án. Ihò méjì ni yóò lu: èyí tí tábà ń wọ̀ láti òkè, àti èyí tí èéfín ń gbà láti ọ̀nà ọ̀pá. Wọ́n gbọ́dọ̀ pàdé ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ti èéfín bá ga jù, tábà ìsàlẹ̀ á tutù, kò ní jó tán.

Nígbà mìíràn, bó bá gbẹ́ ẹ dé àárín, á bá ihò kékeré tí kò retí. Àwọn kan á sọ ọ́ nù. Àwọn mìíràn á gbẹ́ ara rẹ̀ ní ṣákiṣàki bí èèpo igi, àbùkù á sì di ọ̀ṣọ́. Èyí la fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí a kà.

Nígbà tí ó bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa mu ún lákọ̀ọ́kọ́, títí èédú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fi bo inú rẹ̀. Èédú yìí ló ń dáàbò bo igi lọ́wọ́ iná.

Ẹni tó bèèrè ìbéèrè ní kíláàsì ti ní òun á máa pe ti onígi ní páìpù. Àwa tó kù ní ìkòkò ni.