Gíà Tó Há Lára Kẹ̀kẹ́ Onígíà

Gíà há nígbà tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá ti ọwọ́ gíà tí kò gbọ́, tàbí tó tì í tí ó kàn ń yọ̀ lófìfo, tàbí tí ó gbọ́ lọ sí ọ̀nà kan tí ó wá kọ̀ láti padà. Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ohun méjì ló sábà ń fà á: gíríìsì tó ti gbẹ nínú ọwọ́ gíà, àti ìpata tó mú wáyà nínú awọ rẹ̀. Kò sí èyí tó ń pa kẹ̀kẹ́ nínú méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó dára ni wọ́n ti já wáyà rẹ̀ dànù nítorí èyí, tí wọ́n sì fi ṣéènì sílẹ̀ lójú kan títí láé. Òfò gidi nìyẹn fún ẹni tó máa gun òkè bọ̀ láti oko pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ tàbí kẹ́ẹ̀gì ẹmu lẹ́yìn rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ kòkó àtijọ́ mọ̀ kò ní wàhálà yìí. Raleigh, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1887, lorúkọ tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwo eléyín kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó parí. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a lè ra èyí tó ní gíà mẹ́ta Sturmey-Archer, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Nottingham bákan náà ní 1902. Inú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn ni gíà yẹn fara pamọ́ sí, nínú ọ́ìlì, tí eruku kò ráyè dé ibẹ̀.

Mountain bike yàtọ̀, nítorí ìta gbangba ni gíà tirẹ̀ wà. Marin County ní Kalifọ́níà ló ti jáde. Gary Fisher, Joe Breeze, Charlie Kelly àti ẹgbẹ́ wọn ń gbé kẹ̀kẹ́ àlòkù sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè ní àwọn ọdún 1970. Ìdíje wọn tí wọ́n ń pè ní Repack bẹ̀rẹ̀ ní 1976, nígbà tó sì di 1981, Specialized ti gbé Stumpjumper wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ní 1984 ni Shimano, ilé-iṣẹ́ tó ti wà ní Sakai ní ilẹ̀ Japan láti 1921, gbé ọwọ́ gíà tó ń ta kẹ́ jáde: kẹ́ kan, gíà kan. Kí ó tó dìgbà yẹn, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló ń fi etí àti ọwọ́ wá ibi tí ṣéènì máa jókòó sí. Kò pẹ́ tí ti mountain bike náà fi dé, tí àtàǹpàkò àti ìka àkọ́kọ́ jọ ń tì, tí Shimano ń pè ní Rapidfire. SRAM ti Chicago gbé Grip Shift jáde ní 1988, èyí tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí bí ẹni ń fún ọ̀kadà níná. Irú méjèèjì ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ àti lára àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú.

Ọwọ́ ọ̀tún ló ń darí àwo ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì ló ń darí ti iwájú. Àwo mẹ́ta níwájú pẹ̀lú méje lẹ́yìn ló ń jẹ́ gíà 21. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ́ mẹ́fà, gíà 18 ni. Nínú ọwọ́ gíà, àgbá kékeré kan wà tó ń ká wáyà. Àgbá náà ní eyín létí, èékánná irin tín-ín-rín kan sì máa ń bọ́ sí àárín eyín wọ̀nyí láti dá a dúró. Sípíríǹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ló ń ti èékánná yìí síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fa wáyà, apá tó ń sún ṣéènì lẹ́yìn á gbé ṣéènì gun àwo ńlá. Bí a bá tú u sílẹ̀, sípíríǹ tó wà nínú apá ẹ̀yìn ni yóò fà á padà sórí àwo kékeré. Nínú gíà méje ti Shimano, kẹ́ kan ń fa wáyà ní nǹkan bíi mìlímítà 2.9, apá ẹ̀yìn á sì sọ ọ́ di bíi mìlímítà 5, tó jẹ́ àlàfo àárín àwo kan sí èkejì. Kò sí àyè mìlímítà kan tí a lè fi ṣòfò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìpata díẹ̀ fi ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ìpata sì máa ń kọ́kọ́ hàn nígbà tí gíà bá ń padà, torí pé ọwọ́ ènìyàn lágbára ju sípíríǹ lọ. Ẹni tó bá rí i pé gíà òun ń gun àwo ńlá dáadáa ṣùgbọ́n tó ń lọ́ra láti bọ́ sórí kékeré ti rí àmì àkọ́kọ́.

Òjò tó ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá ń ru ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko sókè láti abẹ́ táyà, omi rẹ̀ á sì rin wọ inú awọ wáyà. Ibi tí awọ náà ti ṣe kọrọdọ lẹ́bàá apá ẹ̀yìn ni ó máa ń dúró sí, níbẹ̀ ni ìpata sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa kan náà á lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo tí ọ́ìlì bá wà. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ ní tirẹ̀ lè ti gbé àìsàn bọ̀ láti òkè òkun: bí kẹ̀kẹ́ bá dúró fún ọdún púpọ̀ láìrìn, gíríìsì tí wọ́n fi sínú ọwọ́ gíà ní ilé-iṣẹ́ á dì bí oje igi, á sì lẹ èékánná mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ gíà máa yọ̀ lófìfo tí ẹni tó rà á á fi rò pé ó ti bàjẹ́.

Kí a tó fọwọ́ kan spánà, ó yẹ kí a mọ ibi tí àìsàn wà, ọgbọ́n kan sì wà fún èyí tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Kí a gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí a yí pẹ́dálì títí ṣéènì yóò fi dé orí àwo tó tóbi jù, kí a wá dá a dúró. Láìyí pẹ́dálì mọ́, kí a ta ọwọ́ gíà padà dé òpin. Ṣéènì kò ní kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n wáyà á dẹ̀, lára ọ̀pọ̀ férémù a ó sì lè yọ awọ rẹ̀ kúrò nínú ihò tó dì í mú. Bí ọwọ́ gíà bá ti há kọjá èyí, kí a kúkú tú bóòtù tó di wáyà mú lára apá ẹ̀yìn. Kí a wá máa fa wáyà lọ fà á bọ̀ nínú awọ. Bí ó bá ń dí, tí ó ń há lọ́wọ́ wa, wáyà ló jẹ̀bi. Bí ó bá ń lọ geere, kí a fi ọwọ́ kan fà á kó le díẹ̀, kí a fi ìkejì máa ta ọwọ́ gíà. Bí kò bá ta kẹ́, inú ọwọ́ gíà ni kí a wò. Bí ibi méjèèjì bá dára, ó ku apá ẹ̀yìn.

Ọwọ́ gíà Rapidfire àti àwọn ìbátan rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tú palẹ̀. Ìdérí rẹ̀ nìkan ni kí a ṣí, pẹ̀lú sikurudíráfà kékeré. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì àárín yóò rí i tí sípíríǹ fò jáde, kíkó wọn padà sì ṣòro fún ọ̀gá mẹkáníìkì pàápàá. Kẹrosíìnì ló ń yọ gíríìsì tó dì. WD-40 náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ni èyí tó wà ní gbogbo abúlé. Kí a dà á sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìgúnni tí kò ní ẹnu ṣóńṣó, kí a máa ta ọwọ́ gíà lọ ta á bọ̀ láìsinmi, kí a jẹ́ kí omi dúdú náà ṣàn jáde sórí àkísà, kí a sì tún dà á. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Èékánná lè má dìde lẹ́ẹ̀kínní tàbí lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tí a tún bẹ̀rẹ̀, kẹ́ àkọ́kọ́ á dún. Bẹntiróòlù kò dára fún un: ó lè gbiná, ó sì ń ba àwọn ike inú rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á dúró síbẹ̀. Kẹrosíìnì fọ èérí lọ, ó sì fọ gíríìsì lọ pẹ̀lú; bí a kò bá fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, irin á máa jẹ irin. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ló tọ́, ìkán díẹ̀, lẹ́yìn tí kẹrosíìnì bá ti gbẹ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki jù, eruku ọyẹ́ yóò sì sọ ọ́ di amọ̀. Epo pupa àti òróró oúnjẹ ló burú jù, nítorí àwọn náà ń dì bó bá yá, a ó sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ti Grip Shift yàtọ̀: ike ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sì fi gíríìsì sílíkónì díẹ̀ sí i.

Wáyà tó ti pata kò ṣe é tọ́jú fún ọjọ́ pípẹ́. Bí ìpata bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí a nù ún, kí a fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rà á, kí a dá a padà. Bí irun rẹ̀ kan bá ti já, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó já sínú ọwọ́ gíà. Wáyà gíà nípọn tó mìlímítà 1.2, ti bùréèkì ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí wọn kò sì bára mu. Bí a bá fi tipátipá ki ti bùréèkì sínú ọwọ́ gíà, a ti dá wàhálà tuntun sílẹ̀ nìyẹn. Awọ wọn náà yàtọ̀. Ti bùréèkì jẹ́ irin tí a ká yípo, ó sì ń sún mọ́ra bí a bá fà á. Ti gíà ní irin tó nà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí gígùn rẹ̀ má baà yí padà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi awọ bùréèkì sí gíà rẹ̀ kò ní gbọ́ kẹ́ dáadáa, bó ti wù kí ọwọ́ gíà rẹ̀ mọ́ tó.

Ní ti apá ẹ̀yìn, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ kúrò ní oríkèé rẹ̀, kí a kán ọ́ìlì sí i, kí a sì dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wò ó bóyá ó ṣì nàró. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti ṣubú sí apá ọ̀tún pẹ̀lú ẹrù sábà máa ń ní irin ìkọ́, èyí tó so apá ẹ̀yìn mọ́ férémù, tó tẹ̀ sínú. Àwọn súkúrú méjì tó ní H àti L lára kì í ṣe oògùn gíà tó há. Ààlà ibi tí ṣéènì lè dé ni wọ́n ń pa.

Bí èékánná bá ti kán ní tòótọ́, ọwọ́ gíà àtijọ́ tí kì í ta kẹ́ ló sàn jù láti fi rọ́pò rẹ̀ ní abúlé. Kò bìkítà bóyá àwo ẹ̀yìn jẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kò sì ní èékánná tí gíríìsì máa lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀, kí a kàn mú súkúrú àárín rẹ̀ le. Títí a ó fi rí i, kí a yí súkúrú H wọlé títí ṣéènì yóò fi jókòó sórí àwo kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn, èyí tó fúyẹ́ tó láti gun òkè díẹ̀ tí kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa sáré lásán lórí títì.