Àwo orin tó lo àfẹ́ẹ̀rí: ọ̀ràn Sony BMG ní ọdún 2005 àti ohun tó kọ́ wa

Ọ̀rọ̀ orin la gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti ijó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé orin tí ọmọkùnrin ẹ̀bá ọjà bá kó sínú carte mémoire wa nìkan ló lè gbé kòkòrò wọlé, pé èyí tí iléeṣẹ́ ńlá bá tà, tó wà nínú páálí rẹ̀ dáadáa, ò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìtàn kan wà tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 tó yẹ ká mọ̀, torí pé ó kàn fóònù tó wà lápò wa lónìí.

Ohun tó fà á

Ọdún 1982 ni àwo CD kọ́kọ́ dé ọjà. Ẹni tó bá ra àwo, ó ti rà á tán: ó lè gbọ́ ọ nílé, ó lè yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí ordinateur wá lè ka àwo, ó rọrùn fún èèyàn láti da orin inú ẹ̀ kọ. Ní ọdún 1999, Napster dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn tí ò mọra rí bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara wọn lórin lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjà àwo ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn iléeṣẹ́ orin. Wọ́n ní àwọn á fi àgádágodo sí orin kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ bó ṣe wù ú. Àgádágodo yìí ni wọ́n ń pè ní DRM.

Sony BMG wà lára àwọn iléeṣẹ́ tó tóbi jù nígbà náà. Ọdún 2004 ni Sony ti Japan àti Bertelsmann ti Jámánì da iṣẹ́ orin wọn pọ̀, tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Àgádágodo méjì ni wọ́n lò. Ọ̀kan ń jẹ́ XCP, iléeṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ First 4 Internet ló ṣe é. Ìkejì ń jẹ́ MediaMax, iléeṣẹ́ SunnComm ní Amẹ́ríkà ló ni ín. Oríṣi àwo orin 52 ni wọ́n fi XCP sí, èyí tí wọ́n sì tà nínú wọn lé ní mílíọ̀nù méjì.

Bí àgádágodo náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Tí èèyàn bá ki àwo náà bọ inú ordinateur tó ń lo Windows, ìwé àdéhùn kan á yọ sójú rẹ̀. Bó bá tẹ ibi tí wọ́n kọ “mo gbà” sí, ètò kan á wọlé jókòó. Láti ìgbà yẹn, ètò yẹn ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi gbọ́ orin náà, ẹ̀dà mẹ́ta péré ló sì lè ṣe. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ, a lè ní kò burú jù.

Ibi tó ti burú ni pé ètò náà ń fara pamọ́. Ó ti bá Windows ṣe é lábẹ́lẹ̀ pé fáìlì yòówù tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $sys$, kí ó má fi han ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ́. Ìwé àdéhùn ò sọ ìyẹn. Kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti yọ ọ́. Ẹni tó bá fi ipá fà á tu, Windows lè má rí ibi tí wọ́n ń ki CD bọ̀ mọ́ rárá. Nígbà tí èèyàn bá ń gbọ́ orin, ètò náà tún máa ń ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ àwo tó wà nínú ẹ̀rọ. Ti MediaMax tiẹ̀ tún yàtọ̀: bí èèyàn bá ní òun ò gbà, apá kan nínú ẹ̀ á ti wọlé jókòó.

Ètò tó ń fara pamọ́ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní rootkit. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń jẹ́ àfẹ́ẹ̀rí, tí èèyàn á lò tí ojú ò ní rí i mọ́. Àfẹ́ẹ̀rí ni wọ́n gbé wọ inú ẹ̀rọ onílẹ̀ yẹn. Àmọ́ àfẹ́ẹ̀rí yìí ò mọ olówó rẹ̀. Olè yòówù tó bá ti fi $sys$ síwájú orúkọ fáìlì tirẹ̀ á bá a lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí àṣírí ṣe tú

Ọkùnrin kan tó mọ inú Windows dunjú, Mark Russinovich, ló ń yẹ ẹ̀rọ ara rẹ̀ wò tó rí ohun tó fara pamọ́. Ó tọ ipa rẹ̀ títí tó fi dé orí àwo orin kan tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ó kọ gbogbo ohun tó rí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. F-Secure, iléeṣẹ́ ààbò kan ní Finland, náà ti rí i ṣáájú, wọ́n sì ti sọ fún Sony BMG, àmọ́ wọn ò tíì sọ ọ́ síta.

Ariwo ta. Ọ̀gá kan ní Sony BMG ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ rootkit, kí ló wá kàn wọ́n níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí àwọn èèyàn nínú jù. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà fi kọ́kọ́ sá sábẹ́ àfẹ́ẹ̀rí náà, nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn gan-an. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwo orin ló la ògiri yìí.

Iléeṣẹ́ náà gbé ohun kan jáde pé òun la lè fi yọ XCP. Ed Felten àti Alex Halderman, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Princeton, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ihò tó ń dá sílẹ̀ tún tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí lè gbabẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ. Dan Kaminsky, onímọ̀ mìíràn, ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó ní ipa ètò náà hàn ní nẹ́tíwọọ̀kì tó lé ní 500,000 káàkiri ayé. Àwọn tó tú inú XCP wò tún rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀, tí wọ́n lò láìtẹ̀lé ohun tí àwọn tó ni ín là sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ní òun ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ olórin, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló tún tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kó tó di ìparí oṣù kọkànlá, Sony BMG ti kó àwọn àwo náà kúrò lórí igbá, ìpínlẹ̀ Texas sì ti pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn oníbàárà náà pè wọ́n. Wọ́n gbà láti pààrọ̀ àwo fún àwọn tó rà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, FTC, mú kí wọ́n gbà pé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tó ń gbìyànjú láti yọ ọ́ lè gba owó tó tó dọ́là 150. Nígbà tó yá, àgádágodo fúnra rẹ̀ já. EMI bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin tí ò ní in lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2007, Sony BMG tẹ̀ lé e ní 2008, Apple náà ní àwọn ń bọ́ ọ kúrò lára orin wọn ní 2009.

Èrò tiwa

A ò sọ pé kí wọ́n máa jí orin olórin o. Akọrin náà ń jẹun, ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Òfin ilẹ̀ Benin n° 2005-30 ti ọdún 2006 dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. BUBEDRA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó ẹ̀tọ́ yìí fún àwọn olórin ní Benin, BUTODRA ló ń ṣe é ní Tógò. Ẹni tó bá ń fi orin ṣòwò, ní ilé ọtí tàbí ní rédíò, ó yẹ kó san án.

Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀tọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Olórin ló ni orin, onílé ló ni ẹ̀rọ. Ẹni tó ta iṣu fún wa ò ní ẹ̀tọ́ láti wá sùn sí ilé ìdáná wa kó máa wo bí a ṣe ń sè é. Bó bá fẹ́ wọlé, kó kan ilẹ̀kùn, kó sọ ohun tó ń wá. Òfin orí ẹ̀rọ ní Benin, code du numérique, ìyẹn òfin n° 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí: ó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó bá wọ inú ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàyè, ó sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí wa. APDP ni àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àṣírí náà.

Ohun tó yẹ ká ṣe nílé

CD ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́, orí fóònù la ti ń gbọ́ orin. Ewu náà ti kó lọ síbẹ̀, ó sì ti wá pọ̀ sí i, torí pé owó wa wà nínú fóònù báyìí.

Èkíní, ẹ máa wo ìrù orúkọ fáìlì. Orin sábà máa ń parí sí .mp3 tàbí .m4a. Tó bá parí sí .apk lórí fóònù, tàbí .exe lórí ordinateur, ètò ni, kì í ṣe orin, bí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ olórin tí ẹ fẹ́ràn sí i. Ẹ má ṣí i.

Èkejì, tí appli orin bá ní òun fẹ́ ka SMS yín, tàbí tó ní kí ẹ fún òun ní “Accessibilité”, ẹ kọ̀ fún un. Kí ni orin fẹ́ fi SMS ṣe? Ibẹ̀ ni kóòdù owó máa ń gbà wọlé. Ẹni tó bá sì gba Accessibilité lè rí ohun tí ẹ ń tẹ̀, ó lè bá yín tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, tí ẹ bá ki clé USB bọ ẹ̀rọ, tí gbogbo fáìlì yín di “raccourci”, ẹ má tẹ ọ̀kankan. Àmì kòkòrò ni. Àwọn fáìlì yín sábà máa ń wà níbẹ̀, ó kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó fi ètò apakòkòrò yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lò ó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má tẹ “mo gbà” lójú oorun. Bí ẹ ò bá gbọ́ Faransé inú ẹ̀ yé, ẹ pe ọmọ tó ń lọ ilé ẹ̀kọ́ kó kà á fún yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ra àwo ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ yẹn gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, síbẹ̀ wọn ò rí ohun tó fara pamọ́ fún wọn. Ẹni kan tó fara balẹ̀ wo ẹ̀rọ ara rẹ̀ ló gba gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa wo tiwa.